Ẹ̀jẹ̀ Tí Màmá Ń Rí

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ọjà,
                                        Ìlárá Rẹ́mọ,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Dásọ́lá, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣáájú ìkíni, kí ọkàn mi má baà yí padà: ara Màmá kò yá. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń rí lójú ara láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n sì fi pamọ́ fún gbogbo wa. A ti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù. Àwọn dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ló ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé-ọmọ wọn, ṣùgbọ́n kò tíì jáde kúrò níbẹ̀. Bí a bá tètè jẹ́ kí wọ́n yọ ilé-ọmọ náà, Màmá á tún pẹ́ láyé dáadáa. Màmá ló kọ̀. Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó, mu omi díẹ̀ kí o tó ka èyí tó kù. Màmá ń jẹun, wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń bú mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn kò dùbúlẹ̀.

Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Wàyí, jẹ́ kí n kí ọ bó ṣe tọ́. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ti inú? Ṣé èébì òwúrọ̀ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Lánípẹ̀kun ọkọ wa ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o máa sinmi, àbí ìwọ náà lo kò gbà? Báwo ni ooru Minna? Mo gbọ́ pé oòrùn ibẹ̀ kì í bá ènìyàn ṣeré. Owólabí, ọkọ mi, ní kí n kí ọ. Ìmísíolúwa ti pé oṣù mẹ́rin, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí àjà ilé, kò sì sí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀ tí a lè rí. Ara tèmi náà ti ń bọ̀ sípò. Mo máa dé orí ìyẹn láìpẹ́, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti jáde.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo ti gbé fóònù àìmọye ìgbà tí mo tún gbé e sílẹ̀. Yàrá méjì la ní, Màmá wà nínú ọ̀kan, o sì mọ etí wọn: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ṣì ń rò lọ́kàn, wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí mo bá sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, gbangba lo máa ṣí i sí láàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ, mo mọ̀ ọ́. Màmá ti sọ fún mi pé bí mo bá fi létí rẹ pẹ̀lú oyún tó wà nínú rẹ, àwọn kò ní fi ẹnu kan oúnjẹ mi mọ́. Wọ́n ní a kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé aláboyún lórí. Ọ̀rọ̀ náà mú mi lọ́kàn, torí òótọ́ ni. Mo sì tún rò ó pé bí mi ò bá sọ, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Boaz, ọ̀rẹ́ Owólabí tó máa ń wakọ̀ obì lọ sí òkè Ọya, ló ń mú un bọ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ti ìwé yìí, ó ń ṣe mí bí ìgbà tí o wà ní ilé-ìwé tí o ti ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́, tí èmi wà pẹ̀lú Màmá ní Ìsarà, tó jẹ́ pé inú lẹ́tà la ti ń sọ ohun tí ojú ń ti ẹnu láti sọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, Màmá kò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára pé àbúrò wọn ni ìyá mi, pé kì í ṣe àwọn gan-an ló bí mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo bímọ ni wọ́n gun ọkọ̀ láti Ìsarà wá, àpò kan lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò kan lọ́wọ́ òsì: ọṣẹ dúdú, òrí, kànrìnkàn tuntun, ìgò àgbo, àní wọ́n gbé ìkòkò wọn dání bí ẹni pé a kì í dáná ní Ìlárá. Wọ́n wẹ Ìmísí, wọ́n na án lápá, wọ́n na án lẹ́sẹ̀, wọ́n tẹ imú rẹ̀, wọ́n ní imú bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ba ojú ọmọ jẹ́. Owólabí wà níbẹ̀ o. Ó kàn ń fọwọ́ pa imú ara rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọmọ, ó kan ìyá. Wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná tẹ ikùn mi, wọ́n á sì ní kí n jókòó sórí omi tí eéfín ń jáde lára rẹ̀, tí wọ́n ti bu iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò sí. Bí mo bá fẹ́ dìde, wọ́n á ní, “Jókòó síbẹ̀ jàre. Ẹni tó bímọ tí kò jókòó sómi, ọjọ́ ogbó ni yóò mọ̀.” Mo jókòó. Ta ni èmi? Ṣùgbọ́n mo tún fi tèmi kún un. Ojú ibi tí wọ́n rán mi kò tètè jinná, mo sì ń gbọ́ òórùn kan tí mi ò gbọ́ rí lára mi. Ẹ̀rù bà mí pé Owólabí náà ń gbọ́ ọ. Mo bá ra ọṣẹ olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí wọ́n ní ó ń dá ìyá ọmọ padà sí ọmọge, mo sì ń da oògùn apakòkòrò sínú omi, mò ń fi ìka fọ inú ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe.

Dásọ́lá, kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kì í ṣe yíyún tí ènìyàn ń họ tó ń lọ. Yíyún tó ń mú ènìyàn fẹ́ fi ìdí nu ògiri bí ewúrẹ́ ni. Omi funfun kan ń jáde, ó ki, ó dì bí ògì tí wọ́n fún gbẹ. Bí mo bá tọ̀, ó ń ta mí bí ata. Owólabí rí mi tí mò ń yí ẹsẹ̀ po nídìí ààrò, ó bi mí pé orin wo ni mò ń jó. Mo kàn ń wò ó ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé òun ló kó àrùn wálé, mo sì ń fi ojú yẹn bu oúnjẹ fún un fún ọjọ́ mélòó kan, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ìgbà tí Màmá rí i pé mò ń họra, wọ́n tún gbé omi míì kaná, álọ́ọ̀mù inú rẹ̀ wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo sunkún gidi.

Bí a ṣe dé ibùdó ìlera ìlú wa níbí nìyẹn, Màmá gbé Ìmísí pọ̀n, wọ́n tẹ̀lé mi. Nọ́ọ̀sì tí a bá, Ikhlas lorúkọ rẹ̀, ọmọ kékeré ni lójú mi, ó fi ìborùn bo orí, ó sì yára lẹ́nu. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní, “Àǹtí, kí lẹ ń fi sínú ibẹ̀?” Mo kà á fún un: iyọ̀, álọ́ọ̀mù, ọṣẹ, apakòkòrò, omi gbígbóná.

“Ẹ fẹ́ sè é jẹ ni?”

Ẹ̀rín pa Màmá títí ọmọ fi ń mì lẹ́yìn wọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rẹ́rìn-ín, èmi pẹ̀lú ìrora. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ojú ara obìnrin ń fọ inú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, omi díẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde tí kì í rùn tí kì í yúnni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ fún wa, mo sì ti fi apakòkòrò lé wọn kúrò nílé, ni àwọn tí kò dára fi ráyè wọlé. Ó ní omi lásán ni kí n máa fi fọ ìta nìkan, kí n máa ti iwájú fọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn, kí n máa wọ pátá olówùú, kí n má sì máa fi aṣọ tútù jókòó. Bí mo bá fẹ́ jókòó sómi nítorí ojú rírán, kó jẹ́ èyí tó lọ́ wọ́rọ́wọ́, kí ohunkóhun má sí nínú rẹ̀. Ó fún mi ní oògùn tí mò ń kì bọ ibẹ̀ bí mo bá fẹ́ sùn, ó ní kò léwu fún ọmọ tó ń mu ọyàn. Ó tún kìlọ̀ pé bí òórùn bíi ti ẹja bá ń jáde, tàbí bí inú bá ń run mí pẹ̀lú ibà, kí n padà wá, kí n má lọ ra oògùn lọ́wọ́ alápótí tó ń kiri. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ara fi tù mí. Mo lọ ra ẹja tútù, mo fi se ọbẹ̀ fún Owólabí. Kò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní, má sọ fún un.

Ṣùgbọ́n kí a tó jáde níbẹ̀, Ikhlas kọjú sí Màmá. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ kì í rí ohun tí kò yẹ kí ẹ máa rí? Ẹ̀yin àgbà ẹ kì í sọ.”

Màmá ní, “Èmi? Ọjà tèmi ti tú tipẹ́.”

Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nílé, Màmá ń kùn lọ́nà pé ọmọ àná ló ń kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abiyamọ. Wọ́n wá dúró lójijì, wọ́n ní, “Èyí tó ní kí ẹ máa ti iwájú fọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn yẹn, ṣé èmi kò kọ́ ẹ̀yin méjèèjì bẹ́ẹ̀ ni?” Òótọ́ ni, Dásọ́lá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ronú kan ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ padà sí mi lójú ọ̀nà níbẹ̀.

Ṣé o rántí? Ìgbà obì ni, bíi irú àsìkò yìí gan-an. A jókòó sẹ́yìnkùlé ní Ìsarà, a ń bó obì, èèpo rẹ̀ tó ti rẹ nínú omi ń rùn wúruwùru, ọwọ́ gbogbo wa ti pọ́n bí ẹni tó lé làálì. Màmá ń kọ orin ìsìn ní ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ orin náà kò ní mọ̀ pé tòun ni. O dìde láti gbé agbọ̀n, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí àpótí tí o fi jókòó, mo sì pariwo pé ọ̀bẹ ti bù ọ́ ní ìdí. Màmá gbé obì ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n fọ ọwọ́ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n pe àwa méjèèjì wọ yàrá. Èmi kò tíì bẹ̀rẹ̀ tèmi, mo fẹ́ dúró síta, wọ́n ní, “Ìwọ náà wọlé. Èyí tó dé bá ọ̀kan ń bọ̀ wá bá èkejì.”

Àǹkárá wọn aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ bí òwú, òun ni wọ́n fà ya. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́ta, tí a ó sì ki etí rẹ̀ méjèèjì bọ inú ara wọn kó má baà yẹ̀ bí a bá ń sáré. Wọ́n ní omi tútù ni ká kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mú aṣọ. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ, lẹ́yìn ọṣẹ, oòrùn. Àwọn ìyá míì ládùúgbò, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn sá tiwọn sí, kí ọkùnrin má baà rí i. Màmá kọ̀. Wọ́n ní aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ló ń kó yíyún ranni. Orí okùn la ń sá a sí, wọ́n á wá fi ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó lórí. “Oòrùn kì í rojọ́ ẹnikẹ́ni.” Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n sì fún ọ ní ẹja tó tóbi jù lọ nínú ìkòkò bí ẹni tó gba ipò kìíní. Mo bú sẹ́kún pé tèmi kò tíì dé. Màmá ní kí n má kánjú, pé iye ọdún tí n ó fi sunkún rẹ̀ pọ̀ níwájú. Nígbà míì tí mo bá ń fún Ìmísí lọ́mú, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo máa ń rí, agbọ̀n obì tí a fi ewé tẹ́ nínú, ìwọ àti èmi tí a jọ ń fi omi garawa kan ṣoṣo wẹ̀, tí o máa ń jí omi tèmi bù. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìgbádùn ni.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ gbogbo ìyẹn nìyí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì dé, mo lọ wá garawa ọmọ lẹ́yìn ilé ìdáná. Lẹ́yìn igi ìdáná tí a tò jọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, mo rí aṣọ kan lórí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ṣì tutù. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́ta, etí rẹ̀ méjèèjì wà nínú ara wọn. Èmi kò tíì rí nǹkan oṣù láti ìgbà tí mo ti bímọ. Ìwọ wà ní Minna. Àwa mẹ́ta péré la mọ irú ìṣẹ́po yẹn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe pé Màmá ló fi í pamọ́ fún oòrùn.

Wọ́n bá mi níbẹ̀ tí mo mú un dání. Wọ́n ní, “Ta ló rán ọ níṣẹ́ dé ẹ̀yìn igi?” Mo ní kí wọ́n má bínú, ta ló ni ín? Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní bóyá ti ọmọ mi ni. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó. Ni wọ́n bá jókòó sórí odó, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi láìwo ojú mi.

Wọ́n ní ìgbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn rò pé nǹkan oṣù ló padà wá. Wọ́n sọ fún Màmá Ellen, ẹni tí wọ́n jọ ń bó obì, tí wọ́n jọ wà ní ìjọ Ọjọ́ Keje. Màmá Ellen rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde, ó ní, “Àṣé o ṣì lè bímọ! Ó yá, ká lọ wá bàbá kan fún ọ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù. Àwọn bàbá ibẹ̀ mọ̀ ọ́n tọ́jú ìyàwó.” Wọ́n jọ fi ṣẹ̀fẹ̀, Màmá sì gbà lọ́kàn wọn pé okun ara àwọn ló ṣì pọ̀. Inú wọn tilẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kò lọ bí nǹkan oṣù ṣe ń lọ. Yóò dá, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n fi álọ́ọ̀mù kún un, irú èyí tí wọ́n fi tọ́jú mi. Nígbà tó yá, ìtìjú mú wọn. Wọ́n bi mí pé, “Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, bí wọ́n bá gbọ́ pé opó ń rí ẹ̀jẹ̀, kí ni wọ́n máa ní ó ń ṣe?” Wọ́n ti fi àga iwájú tí wọ́n máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, nítorí aṣọ wọn.

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà kí a padà sí ibùdó ìlera. Mo lọ pe Ikhlas wá sílé bí ẹni tó wá kí ọmọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá lọ́jọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ìgbà èwe ló padà, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan. Ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ nǹkan burúkú o, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a gbọ́dọ̀ fi ojú fò. Ìyẹn ló mú Màmá dìde. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù. Dókítà obìnrin ló rí wa. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú Màmá, wọ́n mú bíńtín nínú awọ inú ilé-ọmọ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká lọ máa retí. Àwọn ọjọ́ ìretí yẹn, mi ò lè ṣàlàyé wọn fún ọ. Màmá ń gún iyán, èmi ni mò ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Èsì tó dé ni mo ti sọ fún ọ lókè. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ wẹ ọmọ Dásọ́lá ná, pé oṣù díẹ̀ ló kù. Dókítà ní, “Màmá, torí kí ẹ lè wẹ ọmọ náà la ṣe ní kí ẹ má dúró.” Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá. Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí a ṣe délé tí Màmá ní àwọn kò lọ.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, Dásọ́lá. A ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé-ọmọ rẹ̀, bó bá tún ayé wá, kò ní rí ọmọ bí. Mo rán wọn létí pé wọn kì í gba àtúnwá gbọ́ ní ìjọ wọn.

“Ṣọ́ọ̀ṣì ni ṣọ́ọ̀ṣì,” wọ́n ní. “Inú tí mo fi gbé ọmọ kò lọ kíláàsì ìrìbọmi.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rí ojú wọn. Wọ́n ní, “Títílọpẹ́, o kò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń wá Dásọ́lá. Gbogbo àwọn tí a jọ ṣègbéyàwó ti ń rán ọmọ níṣẹ́, èmi ni mò ń rán ara mi. Òun nìkan ló gba ẹnu ọ̀nà yẹn wá. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gbé e sọnù, ọjọ́ tí a bá tún ń bọ̀, ibo ni yóò gbà? Ó máa wá dúró síta, kò ní rí ilé wọ̀.”

Mo kàn ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí kò bá wọn sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wọn wá, ó gbàdúrà, ó ṣe àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, Màmá ṣe àmín, bó ṣe jáde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn, wọ́n ní obì ti ń já bọ́ ní Ìsarà, Màmá Ellen nìkan kò lè bó o tán. Owólabí dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Nígbà tó dìde, ó ní orí àwọn obìnrin Ìsarà le ju obì lọ. Màmá ní kó fi orí tirẹ̀ tó rọ̀ ra ilé fún ìyàwó rẹ̀. Ó ti rẹ Ikhlas pàápàá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ní òwúrọ̀, bí mo bá jí, mo máa kọ́kọ́ fetí sí i bóyá mò ń gbọ́ ìró kànrìnkàn wọn nínú balùwẹ̀, kí n tó wo ọmọ tèmi.

Mo ti rò ó títí, ìdí nìyí tí mo fi ṣàìgbọràn sí wọn. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yẹn, kì í ṣe dókítà ló lè dá a lóhùn, kì í ṣe pásítọ̀, kì í sì í ṣe èmi. Ìwọ ni wọ́n ń pa ọ̀nà mọ́ dè. Ìwọ nìkan lo lè sọ fún wọn pé o ti wọlé, pé o ti dé, kí wọ́n yé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ bí o ṣe máa sọ ọ́. O lè wá, bí àwọn dókítà rẹ bá gbà kí o rin ìrìn náà. Bí o kò bá lè wá, pè wọ́n, tàbí kí o kọ tìrẹ kí n kà á sí wọn létí. Ṣáà ti sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn tó pé. Mo ti gbé àpò wọn kan pamọ́ sílé aládùúgbò kí wọ́n má baà lè lọ sí Ìsarà, wọ́n ṣì ń wá a kiri.

Má sunkún jù nítorí ọmọ inú rẹ. Dókítà náà ní tètè mọ̀ ló ń gbani nínú irú èyí, a sì tètè mọ̀. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, má fi ohunkóhun fọ inú o, pàápàá pẹ̀lú oyún. Bí ó bá ń yún ọ, tàbí bí o bá rí omi tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀, sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì níbi tí o ti ń gba ìtọ́jú, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Bí o bá sì ń bínú pé mo ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó sọ, kọ ìyẹn náà sínú ìwé, mo máa gbà á.

Bá mi kí Lánípẹ̀kun dáadáa, kí o sì jẹ́ kó ka lẹ́tà yìí, má dá nìkan gbé e. Kí àwọn ará ilé yín tó bá béèrè wa. Ìmísí ń kí ìyá rẹ̀ kékeré. Màmá kò kí ọ nínú lẹ́tà yìí, torí wọn kò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá o ti ń jẹ ẹ̀wà dáadáa.

Boaz máa sùn ní Minna mọ́jú kó tó padà wá sílé. Fi èsì rẹ rán an. Jọ̀ọ́, Dásọ́lá, tètè fèsì.

                                        Èmi ni, tìrẹ láti ẹ̀yìnkùlé Ìsarà títí dòní,
                                        Títílọpẹ́.